Iyán nìkan kọ́ ni ọmọ Èkìtì máa fi dàgbà

Ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ṣe eré tàbí iṣẹ́ tó ń mú èémí yára. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ àjọ náà gbé jáde lọ́dún 2019, láti orílẹ̀-èdè 146, fi hàn pé 81 nínú 100 ọmọ ọdún 11 sí 17 ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Tọkùnrin jẹ́ 78, tobìnrin jẹ́ 85.

Wọ́n lè fi èyí rẹ́rìn-ín l'Áyétòrò-Èkìtì. Ṣé ọmọ tó ń pọnmi, tó tún ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé ló kù kí ẹ ní kó wá máa sáré? Òótọ́ ni: WHO ka ìrìn àti iṣẹ́ ilé mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ wo títì láàárọ̀. Ọ̀kadà ló ń kó ọmọ méjì, mẹ́ta lọ sí iléèwé. Bí wọ́n bá jáde, ó di lẹ́sìn WAEC; bílẹ̀ bá ṣú, ó di fóònù.

Oúnjẹ ò sì yí padà bá a. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Wọ́n dárúkọ ẹ̀kọ àti gúgúrú pàápàá nínú òwe náà, wọn ò dárúkọ ẹ̀wà. Mi ò fẹ̀sùn kan iyán o. Okun ló ń fúnni, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sì lò ó lóko. Ṣùgbọ́n ara tó ń ga lójoojúmọ́ ń fẹ́ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́. Ohun tó pọ̀ lórí àtẹ níléèwé lákòókò ìsinmi ni bọ́ǹsì, pọ́fù-pọ́fù àti mínírà: ìyẹ̀fun, òróró, ṣúgà.

Ọmọbìnrin ló ń jìyà ẹ̀ jù. Nítorí nǹkan oṣù, mílígíráàmù 15 èròjà irin ló nílò lójúmọ́, tí ọkùnrin nílò 11. Bí kò bá rí i, ẹ̀jẹ̀ á dín, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa tòògbé ní kíláàsì, wọ́n á sì ní ọ̀lẹ ni. Irin wà nínú ẹ̀wà, àmọ́ ara kì í tètè gbà á. Tó bá fi ọsàn kan lé e, fítámì C inú ọsàn á jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Tíì ní tirẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́. Kó mu ún tó bá yá.

Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ọmọ girama, tí egungun rẹ̀ ń le lọ́wọ́, ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tọ́mọbìnrin bá fi máa pé ọdún 18, egungun rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ le tán. Fífò àti sísáré ló ń mú un le, WHO sì ní ó kéré tán kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tẹ́ńtẹ́n tí àwọn ọmọbìnrin ń ta ní pápá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n tó dé JSS 3, ìyá wọn á ti ní wọ́n ti dàgbà jù ú lọ.