Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ọdún Tuntun Àwọn Agbẹjọ́rò

Ọdún òfin kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga bá ti ìsinmi ọlọ́dọọdún dé, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ló ń wọlé. Ìsìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni wọ́n sábà fi ń ṣí i, kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

Owó iṣẹ́ ọdọọdún tí agbẹjọ́rò ń san kò tẹ̀lé ọdún òfin yìí; ó ní gbèdéke tirẹ̀, 31 oṣù kẹta. Ẹni tó bá san án ló ń gba òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìwé ẹjọ́ tí kò ní òǹtẹ̀ yìí kò tíì pé. Kí oníbàárà máa wò ó dáadáa.