Yíyan ọmọ ológbò

Yíyan ọmọ ológbò ni àyẹ̀wò tí ẹni tó fẹ́ sin ológbò (Felis catus), tí a tún ń pè ní ológìnní, máa ń ṣe kí ó lè mú ọmọ ẹran tó ní ìlera wálé. Ní àwọn ìlú bíi Ilemọna, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun nítòsí Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, eku tó ń ba àgbàdo àti èlùbọ́ jẹ́ wà lára ohun tó ń mú kí ènìyàn sin ológbò. Òwe Yorùbá sọ pé bí ológìnní bá jáde nílé, ilé á di ilé eku.

Ọjọ́ orí

Ojú ọmọ ológbò máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn ìbí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ líle, a sì máa já lẹ́nu ọmú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Kò yẹ kí a mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ṣáájú àsìkò yìí. Wàrà ìyá ni ó ń kọ́kọ́ dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn, inú eré pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ láti má ṣe gé ènìyàn jẹ.

Àwọn àmì ìlera

Ọmọ ológbò tó ní ìlera máa ń ṣeré. Ojú rẹ̀ kì í ní ipin, imú rẹ̀ kì í ṣomi, èrìgì rẹ̀ a máa pupa fẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ a sì máa dán. Ìdọ̀tí dúdú nínú etí lè jẹ́ àmì kòkòrò. Bí ikùn bá wú tí egungun ẹ̀yìn sì yọ, ó ṣeé ṣe kí aràn wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a wo ìyá àti àwọn ọmọ yòókù pẹ̀lú, nítorí pé bí ọ̀kan bá ń sín, àrùn náà lè ti ran gbogbo wọn.

Mímú un wálé

Páálí tàbí apẹ̀rẹ̀ tó ní ihò ni a fi ń gbé e. Àpò tí a so lẹ́nu lè mú kí ooru pa á. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, yàrá kan ṣoṣo tó ní omi, oúnjẹ àti abọ́ yanrìn ti tó fún un. Wàrà màlúù sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì nìkan kò tó oúnjẹ fún un, nítorí pé ara rẹ̀ nílò taurine tó wà nínú ẹran àti ẹja. Àìtó taurine máa ń ba ojú àti ọkàn ológbò jẹ́.

Májèlé

Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú. Nítorí náà, ilé tó mú ológbò wọlé nítorí eku gbọ́dọ̀ kó oògùn eku kúrò. Ọ̀tá-pìàpìà àti parasitamọ́ọ̀lù pẹ̀lú lè pa á.

Àjẹsára

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni dókítà ẹranko ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti dìgbòlugi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó yè é. Ẹni tí ológbò bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.