Ẹ má ha ara ìbọn àtijọ́

Ìbọn kan wà tí irin rẹ̀ yí ká ibi tí a ń fi ìka sí láti yìn ín. Bí a bá fa irin náà sísàlẹ̀ tí a sì dá a padà, ọta mìíràn a wọlé. Ó lè jẹ́ Winchester 1894, ti Amẹ́ríkà.

Kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ọta inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pá. Nọ́ńbà wà lábẹ́. Nọ́ńbà yìí ni a fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964 ló níye lórí jù, nítorí pé lọ́dún náà ni wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà kí owó tí wọ́n ń ná lé e lè dínkù.

Ẹ má fi yanrìn ha ìpáàrà rẹ̀. Àwọ̀ àtijọ́ àti àmì ara rẹ̀ ni àwọn tó ń rà á ń wò. Ẹni tó bá ha á kí ó lè dán, owó ara rẹ̀ ló ń hà dànù.