Ọmọ Àgbádárìgì tó fẹ́ di dókítà: ta ni yóò fọ̀nà hàn án?

Ọmọ Àgbádárìgì tó bá rí ìṣègùn òyìnbó kà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní rìn jìnnà lọ́dún kìíní, nítorí ojú títì márosẹ̀ tó já sí ìlú rẹ̀ náà ni ọgbà Ọ̀jọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni yóò kẹ́rù lọ sí Ìkẹjà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn wà. Ọdún mẹ́fà ni, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn.

Àwọn òbí a máa rò pé ọ̀nà ti parí níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. House job, iṣẹ́ ọdún kan nílé ìwòsàn, ló kàn: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ, ọmọdé àti aláboyún. Yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ MDCN, yóò ṣe àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ṣé ìdánwò primary ni yóò ṣe kó lè di kọ́ńsọ́tántì nílé, àbí PLAB ti ìlú Ọba, àbí USMLE ti Amẹ́ríkà? Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mẹ́ta. Òfin wọn tún ń yí. Láti oṣù kìíní 2022, Step 1 ti USMLE kò ní máàkì mọ́: o yege tàbí o kùnà. Ẹni tó ṣe é ní 2015 lè máa ti ọmọ ọlọ́mọ láti wá máàkì tí ẹnikẹ́ni kò fún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ atọ́nà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Lẹ́yìn 1860, Dókítà Harrison, òyìnbó ìjọ CMS ní Abẹ́òkúta, kó àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan jọ, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́. Nathaniel King, ọmọ Pásítọ̀ Thomas King, wà lára wọn. Ìjọ yìí kan náà, tí Henry Townsend gúnlẹ̀ fún ní Àgbádárìgì ní 1842, ló ran King lọ́wọ́ dé King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1884.

Lónìí, àwọn atọ́nà ti ń lọ. Ní 2025, mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní 16,000 dókítà tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé ó lé ní dọ́là 21,000 tí à ń ná láti kọ́ ẹnì kan. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ló wà lọ́rùn kọ́ńsọ́tántì tó ṣẹ́kù. Ìgbà wo ni yóò ráyè akẹ́kọ̀ọ́? Àwọn tó lọ kò kúkú gbàgbé àbúrò, wọ́n ń dáhùn lórí WhatsApp. Àmọ́ ọ̀nà tí kálukú gbà ló mọ̀. Ẹni tó wà ní Manchester, bí a ṣe ń dé Manchester ni yóò sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe láti 1963: wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n rí dókítà tí abúlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Àgbádárìgì, tó ní ọ̀sà, tó ní abúlé etí òkun, tó sì múlé ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò kéré sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wálé fún ọlidé lè tọrọ àyè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nílùú, kó máa tẹ̀lé dókítà kan yípo wọ́ọ̀dù. Kó má wulẹ̀ béèrè bí dókítà náà ṣe yege. Kó béèrè iye tí ìdánwò ná an, aago mélòó ló ń délé, àti ohun tó dá a dúró síbẹ̀.