Àmì Pupa Kì Í Tan Iná fún Ọdẹ

Ẹni tó bá fẹ́ ra awò alámì pupa sí ìbọn ìléwọ́, tó sì ń gbèrò láti máa fi dẹ ẹran ní àṣálẹ́ tàbí ní ìdájí, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń bi ọlọ́jà ni pé: èwo ni iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù? Ìbéèrè yẹn dorí kodò. Èyí tí iná rẹ̀ lè kéré jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pòórá, ló yẹ kó máa wá. Nínú òkùnkùn, àmì pupa kò ṣòro í rí rárá. Ẹran ló ṣòro í rí, àmì tó bá sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ a máa gba ìwọ̀nba ohun tí ojú ìbá rí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òfin ní láti ṣáájú ná. Ní Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ohun èlò ọdẹ. Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 to gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tó kà léèwọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta, Ààrẹ nìkan ló sì lè fún èèyàn níwèé àṣẹ rẹ̀. Ìbọn tí ọdẹ lè lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá wà ní ìsọ̀rí mìíràn, ṣakabùlà sì ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Nítorí náà, ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń ka èyí kò ní igbó nítòsí, kò sì ní àṣẹ lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, lè ní méjèèjì. Ní Texas, òfin gbà kí èèyàn fi ìbọn ìléwọ́ dẹ àgbọ̀nrín, ó sì gbà kó dẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń ba oko jẹ́, tọ̀sán tòru, lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ bá ti yọ̀ǹda. Láti oṣù kẹsàn-án 2019, wọn kì í tilẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń dẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ojú ṣe ń ríran nínú òkùnkùn kan ọdẹ Ẹpẹ́ àti ti Ìjẹ̀bú tó ń fi ṣakabùlà àti fìtílà dẹ òru pẹ̀lú, nítorí ojú kan náà ni Ọlọ́run fún gbogbo wọn.

Ọgbọ́n tó wà nínú awò yìí ti pẹ́ ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ lọ. Howard Grubb, ará Ireland tó ń ṣe awò ìwòràwọ̀ ní Dublin, ló gbé e jáde ní 1900. Àwọn ará Sweden tí wọ́n ń jẹ́ Aimpoint ló wá fi iná bátìrì sí i, tí wọ́n sì gbé e dé ọwọ́ ọdẹ ní 1975. Gílóòbù bíńtín kan wà nínú rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa sára dígí tó tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti kun dígí náà ní ohun tó ń dá àwọ̀ pupa padà sójú ẹni tó dì í mú, tó sì ń jẹ́ kí èyí tó kù nínú ìmọ́lẹ̀ kọjá. Nítorí bí dígí náà ṣe tẹ̀, ṣe ni àmì pupa máa dà bí ẹni pé ó wà lọ́nà jíjìn, níbi tí ẹran wà gan-an. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi irin tó wà lórí ìbọn wo ọ̀kánkán ní nǹkan mẹ́ta láti tò sórí ìlà kan: irin ẹ̀yìn, irin iwájú, àti ẹran. Ojú kò sì lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kedere lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ojú ẹni tó ti lé lógójì ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, irin dúdú lára ẹran dúdú kò ṣeé rí mọ́. Awò alámì pupa sọ mẹ́ta náà di méjì, ó sì jẹ́ kí ọdẹ la ojú méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó bá ní irin tó lójú bàbá òun ti tó òun náà kò parọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ló ń sọ. Ní àṣálẹ́, ẹ̀rí wà lẹ́yìn àmì pupa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìwọ̀n iná rẹ̀. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú máa ń fẹ̀ kó lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i. Ti ọ̀dọ́ lè fẹ̀ tó mìlímítà 7, ti àgbàlagbà kì í sábà kọjá 5. Ẹ̀yìn inú ojú náà máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú tó mọ òkùnkùn dáadáa. Àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ nípa ojú máa ń takò mí níbí. Wọ́n á ní àwọ̀ pupa kì í ba ojú òru jẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó nínú ọkọ̀ ojú omi àti nínú yàrá àwọn awòràwọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Jan Purkinje, ará ilẹ̀ Czech, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti 1819 pé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òdòdó pupa ló máa ń kọ́kọ́ dúdú, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì ń mọ́: apá tí ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ iná pupa inú ọkọ̀ di aláìléwu ni pé ó kéré, wọn kì í sì gbé e sí ọ̀kánkán ohun tí wọ́n ń wò. Àmì inú awò wà lórí ẹran gan-an. Tó bá mọ́lẹ̀ jù, á ràn ká dígí, á tóbi ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, á sì bo apá tí ọdẹ fẹ́ ta. Ẹran tó ṣeé dá mọ̀ kí ọdẹ tó gbé ìbọn sókè á wá di òjìji lẹ́yìn iná.

Nítorí náà, inú yàrá tó ṣókùnkùn ló yẹ kí èèyàn ti dán awò wò kó tó sanwó, kó má ṣe ojúde ṣọ́ọ̀bù. Kó dín iná náà kù títí tí àmì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Tí ìwọ̀n tó kéré jù lọ bá ṣì ń ta yòò, kó dá a padà. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú ọ̀pọ̀ oníbàárà: àwọn awò kan ní ìwọ̀n iná tí wọ́n ń pè ní ti òru, àwọn èèyàn á sì rò pé ó túmọ̀ sí iná tó lágbára. Awò ìríran-lóru tí àwọn sójà ń gbé sójú ni wọ́n ṣe ìwọ̀n yẹn fún, ojú lásán kì í sábà rí i rárá. Ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e lókè, tí ojú lásán lè rí, ni ẹ yẹ̀ wò. Awò tó ń yí iná rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú kò bá ọdẹ lára mu: ìmọ́lẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ọdẹ ló ń wọ̀n, abẹ́ igi tó dúró sí sì lè ṣókùnkùn ju ìta gbangba tí ẹran wà lọ.

Lórí bí àmì ṣe tóbi tó, ìwọ̀n igun tí wọ́n ń pè ní MOA ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní mítà 50, àmì MOA 2 máa ń bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, MOA 6 á bo nǹkan bíi 9. Àyà àgbọ̀nrín tí ọta gbọ́dọ̀ wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 20 lọ. Àwọn tó fẹ́ràn àmì ńlá ní ó máa ń yá í rí. Ẹni tó ń gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là lọ́wọ́ olè ni ìyára ń ṣe láǹfààní. Ọdẹ ní àkókò. Síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ sí èyí tó kéré jù, torí apá tó na ìbọn ìléwọ́ síwájú máa ń gbọ̀n, àmì bíńtín a sì máa sọnù nínú dígí. Lójú tèmi, MOA 3 tàbí 4 ló wà láàárín. Ẹni tí ẹyin ojú rẹ̀ kò rí rogodo dáadáa á rí àmì tó fọ́n ká bí ìràwọ̀. Kó wọ gíláàsì ojú rẹ̀ wò ó kó tó sọ pé awò ló bàjẹ́. Òfin 1959 náà ka àìríran dáadáa mọ́ ohun tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ fún èèyàn níwèé àṣẹ ìbọn.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan ní awò tó ń mú ẹran súnmọ́ lẹ́ẹ̀mejì ń ríran ní àṣálẹ́ ju awò alámì pupa lọ, òótọ́ sì ni. Dígí rẹ̀ ń kó ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju èyí tí ọmọlójú lè gbà lọ, ó sì ń sọ ẹran di ńlá, nígbà tí dígí awò alámì pupa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tilẹ̀ máa ń sọ gbogbo nǹkan di aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó bá ń jókòó sí ojú kan, tó ní ohun tó lè gbé ìbọn lé, kó ra ìyẹn. Ẹni tó ń rìn nínú igbó, tó ń dúró ta, kò ní rójú wá ihò inú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun apá tó nà gbọọrọ. Òun ni awò alámì pupa wà fún. Ohun tó bá fẹ́ fi náwó lé e náà ni dígí tó mọ́, àti èyí tí wọ́n dé gílóòbù rẹ̀ pa, torí ẹ̀kán òjò tàbí ìrì kan lórí gílóòbù tí kò ní ìdérí tó láti pa àmì náà rẹ́.

Gbogbo èyí, ibi tí ọta máa lọ nìkan ló ń sọ. Awò náà kò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ti yanjú ìdajì ìṣòro yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń so fìtílà kábáídì mọ́ iwájú orí, omi tó ń kán sí kábáídì náà á máa mú gáàsì tó ń jó jáde. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kọ lu ojú ẹtu, á sì dán padà, torí ẹ̀yìn ojú ọ̀pọ̀ ẹran tó ń jẹ̀ lóru ní awọ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìdajì ni mo pè é. Ojú ewúrẹ́, ti màlúù àti ti ajá náà ń dán. Ojú èèyàn kò ní awọ yẹn, nítorí náà ẹni tó lọ wo ẹ̀bìtì rẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní àmì kankan tó máa fi í hàn. Ìròyìn ọdẹ tó yìnbọn lu ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní òun rò pé ẹran ni, kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni tó ń ka ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í sì í ṣe èèyàn nìkan ló yẹ kí ọdẹ ṣọ́ra fún: akíka náà ń jẹ̀ lóru, òfin àgbáyé sì ti ka òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀ láti 2017.

Bí wọ́n bá ní àwọn baba wa kò lo awò kankan, tí wọ́n sì ń pa ẹran wálé, ìtòsí ni wọ́n ti ń yìnbọn, ọta wẹ́wẹ́ tó ń fọ́n ká ló wà nínú ṣakabùlà wọn, wọ́n sì ní fìtílà. Ìbọn ìléwọ́ ń ta ọta kan ṣoṣo, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Òfin Texas kò sì jẹ́ kí wọ́n dẹ àgbọ̀nrín kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó yọ. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, awò tí iná rẹ̀ kéré á ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀, tàbí awò awọ̀nà-jíjìn tó gbé kọ́ ọrùn, dá ẹran náà mọ̀. Fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó lóru, tọ́ọ̀ṣì tó dára ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó, kí awò tẹ̀ lé e. Owó tó bá kù, kó fi ra ọta tó máa fi kọ́ ìbọn yíyìn ní àṣálẹ́ gan-an, lórí ohun àfojúsùn tó ní àwọ̀ bíi ti ẹran. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí kì í tàsé ní mítà 50 lọ́sàn-án rí i pé mítà 25 ni òpin òun nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.