Ayétòrò Etí Òkun

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà a máa gun òkè Himalaya lọ jọ́sìn ní Kedarnath, tẹ́ḿpìlì olókùúta kan tí ó fi nǹkan bí 3,500 mítà ga ju òkun lọ. Ilẹ̀ Ìlàjẹ kò ní òkè. Omi àti ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ibi mímọ́ tirẹ̀, Ayétòrò, tí ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìgbọ́kọ̀dá kí ó tó dé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1947, ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan tẹ ìlú náà dó. Inúnibíni ni ó lé wọn kúrò láàrin àwọn ará wọn, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti bá wọn bọ òrìṣà. Wọ́n ri òpó mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé lé e, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Àpò kan ṣoṣo ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀: apẹja kò pẹja fún ara rẹ̀, ẹni tí ó kan ọkọ̀ kò gba owó ọ̀yà, láti inú àpò náà ni oúnjẹ àti aṣọ olúkúlùkù ti ń jáde. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀lẹ ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ yóò bí, ó ṣìnà. Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀nà omi, wọ́n kan ọkọ̀ ńláńlá, iná mànàmáná sì tàn ní Ayétòrò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan fìtílà.

Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, àjùmọ̀ní náà bẹ̀rẹ̀ sí tú, ṣùgbọ́n ìjọ kò tú. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ẹ̀yìn odi a máa padà wálé ní oṣù kìn-ín-ní láti ṣe àjọ̀dún ìtẹ̀dó.

Òkun ni ó ń bá wọn jà nísinsìnyí. Ó ti gba ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n ọdún lé ní mẹ́wàá kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ògiri kankan. Ní Kedarnath, nígbà tí àgbàrá pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní agbègbè náà ní oṣù kẹfà ọdún 2013, àpáta ńlá kan yí wá dúró sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, ó sì la omi sí méjì. Ní Ayétòrò, kò sí àpáta. Ẹni tí òkun bá gba ilé rẹ̀ a kó ẹrù, a sì lọ ri òpó mìíràn sí ẹ̀yìn ìlú.