Ọkọ̀ Sinmi, Bátìrì Kò Sinmi

Ní ọdún 1898, nínú gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York, Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí bátìrì ń mú rìn síwájú èrò, ó sì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè láìfi okùn so ó, títí háà fi ṣe àwọn tó ń wòran. Ohun tí ó jẹ́ àrà mérìíyìírí nígbà náà ti di ohun ìdárayá tọmọdé tàgbà lóde òní, ìbáà ṣe ọkọ̀ ilẹ̀, ti ojú omi tàbí bàálù. Ṣùgbọ́n ó máa ń dun ni nígbà tí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà, tí ó padà dé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó sì bá bátìrì tí ó fi owó gidi rà ní òkú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí a bá ti pa súìṣì, iná ti dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, súìṣì kékeré náà kì í já wáyà ńlá tí ó ti ara bátìrì wọ inú ẹ̀rọ tí ń bu iná fún mọ́tò, ẹ̀rọ náà a sì máa mu iná ṣíún tọ̀sán tòru. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ohun tí kò tó nǹkan lóòjọ́ a fa bátìrì gbẹ bí ó bá pẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì LiPo (lithium polymer), tí a bá ṣájì rẹ̀ kún, jẹ́ fólítì 4.2, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sílẹ̀ ju fólítì 3 lọ, inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ó sì lè wú.

Nítorí náà, ẹ máa yọ wáyà bátìrì kúrò lára ọkọ̀ ní gbàrà tí eré bá ti parí. Bí ọkọ̀ yóò bá sinmi ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ má fi LiPo pamọ́ ní kíkún, ẹ má sì fi í pamọ́ ní gbígbẹ. Nǹkan bí fólítì 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló yẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní ló sì lè gbé e dé ibẹ̀ fúnra wọn. Bátìrì NiMH (nickel-metal hydride) ní tirẹ̀ a máa pàdánù agbára bí a kò tilẹ̀ fi wáyà kankan kàn án, nítorí náà ẹ ṣájì rẹ̀ nígbà tí eré bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ tú bátìrì inú rìmóòtù jáde pẹ̀lú, kí omi inú rẹ̀ má baà jò, kí ó má sì jẹ àwọn irin ibẹ̀.

Ibi tútù tí kò ní ọ̀rinrin ni kí ẹ kó àwọn bátìrì náà sí, kì í ṣe inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí oòrùn ń pa. Èyí tí ó bá sì ti wú, ẹ má ṣe ṣájì rẹ̀ mọ́ láé, nítorí ó lè gbiná, a kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn.